Ibi Tí Levi Fẹ́ Kú Sí

Levi ṣì wà láyé nígbà náà. Kàbírù, ọkọ Mìsítúrà, náà ṣì wà láyé, ó ṣì ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí, kò gbà kí ẹnikẹ́ni di òun lọ́wọ́ mú. Ajá dúdú tí wọ́n so mọ́ ẹnu géètì àwọn Levi pàápàá ṣì wà, ojú rẹ̀ ti fọ́, etí ló fi ń ṣọ́lé. Àwọn tó kù lónìí nínú ọ̀rọ̀ yìí kò pọ̀ mọ́.

Ẹnu géètì yẹn gan-an ni Mìsítúrà dúró sí ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Fẹ́búárì, ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, nígbà tí Sélínà, ọmọ Levi, jáde wá pàdé rẹ̀.

“Àǹtí, ẹ máa bá mi gbé Dádì síta.”

“Síta ibo? Ṣé ọsibítù ni?”

“Síta ni mo wí. Síbí yìí.” Ó nawọ́ sí orí kọnkéré tó wà láàrin ilé wọn àti ògiri ojú irin. “Mo ti ní kí ìbátan wa kan kó tápólì wá. Kò gbọdọ̀ wà nínú ilé mọ́.”

Òtútù ọjọ́ náà ń wọ eegun. Omi inú abọ́ ajá ti dì gbagidi. Mìsítúrà wo ojú ọmọbìnrin náà dáadáa, bóyá ó ti mutí.

“Sélínà, bàbá rẹ là ń sọ o.”

“Mo mọ ẹni tí à ń sọ.” Sélínà gbé ojú kúrò. “Ẹ má bi mí ní ìbéèrè, Àǹtí. Ẹ ṣáà bá mi gbé e. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé aláìsàn tí kò fi ní dùn ún.”

“Èmi? Kí n gbé arúgbó sínú yìnyín? Ó tì o.” Mìsítúrà kọjá lára rẹ̀, ó wọlé lọ bá iṣẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni Mìsítúrà ń ṣe, láti ojúlé dé ojúlé, ní Peckham àti Nunhead, nílùú Òyìnbó. Ẹ̀yìn afárá ojú irin, níbi tí àwọn mẹkáníìkì wà, ni ibùgbé àwọn Levi: ilé onítáyà bíi mélòó kan tí wọ́n tò yí ilẹ̀ kọnkéré ká, tí káńsù sì mọ ògiri gíga yí wọn ká bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́. Àwọn ará àdúgbò ń pè wọ́n ní Jípísì, wọ́n sì máa ń pe ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń tu egungun ẹja dànù. Rómánì ni wọ́n ń pe ara wọn. Wọ́n a máa pe àgbà obìnrin ní Àǹtí, àgbà ọkùnrin ní Ọ́ńkù, ìbáà jẹ́ ẹbí, ìbáà má jẹ́ ẹbí. Èyí ló kọ́kọ́ mú Mìsítúrà fẹ́ràn wọn.

Levi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti bàjẹ́, dókítà sì ti ní kò sí ohun tó kù ju kí wọ́n máa fún un ní oògùn ìrora. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò kú.

“Nàìjíríà, o tún ti dé,” ni ó máa ń wí. “O ti wá fi ọwọ́ yìnyín bò mí lẹ́yìn.”

“Ẹ gbé ẹ̀yìn yín wá, Bàbá. Ẹ̀yin náà kò gbóná ju òkúta lọ.”

Bí Mìsítúrà bá ń wẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, Levi máa ń sọ̀rọ̀ ìran rẹ̀. Ó ní wọ́n sọ pé ọ̀nà Íńdíà ni wọ́n ti wá, láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè kà mọ́. Pé ìlú tí wọ́n bá dé, àwọn ará ibẹ̀ á ra ẹṣin àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á lé wọn. Nígbà ogun, ó ní, ilẹ̀ Jámánì kó ẹ̀yà wọn jọ pa bí ẹni pa eṣinṣin, ayé sì gbàgbé láti ṣọ̀fọ̀ wọn. Bàbá tirẹ̀ ń pọ́n ọ̀bẹ, ìyá rẹ̀ ń gbẹ́ igi tí wọ́n fi ń há aṣọ sórí okùn, ó ń tà á láti ilé dé ilé. Nígbà ìkórè, wọ́n á kẹ́rù sínú ilé onítáyà tí ẹṣin ń fà, ó di ìgbèríko Kent, níbi tí wọ́n ti ń ká èso kíkorò tí wọ́n fi ń pọn bíà. Bí òtútù bá dé, wọ́n á padà sí Peckham, sórí ilẹ̀ tí bọ́ǹbù ti sọ di ahoro, títí ọlọ́pàá á fi tún lé wọn.

“Ṣé tẹ́yin yàtọ̀?” ni Levi máa ń bi í. “Ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi ń lé ẹ̀yin.”

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Mìsítúrà dé ibẹ̀, ó bu omi sínú abọ́ funfun kan láti fi fọ ẹsẹ̀ Levi. Sélínà já abọ́ náà gbà. Abọ́ ìfọ-ife ni. Ó gbé e jáde, ó jù ú sínú àpótí ìdọ̀tí, bẹ́ẹ̀ tuntun ni. “Mọ̀káádì” ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀: ohun tó ti di aláìmọ́ tí ọṣẹ kò ràn mọ́. Ẹlòmíràn ì bá bínú. Ẹ̀rín ni Mìsítúrà rín. Nílé tirẹ̀, ta ni á gbé bútà àlùwàlá ka iná láti fi po tíì? Ó ṣàlàyé fún Sélínà, àwọn méjèèjì jọ rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti ń fọ́nnu fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun mọ àwọn Rómánì yìí, pé ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an ni tiwa. Ṣùgbọ́n ojú àlejò kì í ríran.

Alẹ́ ọjọ́ tí Sélínà bá a sọ̀rọ̀ yẹn, Mìsítúrà kò lè jẹun. Ó gbé ìrẹsì síwájú Kàbírù, ó jókòó tì í.

“Ọmọ tí Bàbá Levi bí nínú ara rẹ̀ fẹ́ gbé e síta bí àpò ìdọ̀tí.”

Kàbírù fi ṣíbí lélẹ̀. “Nínú òtútù yìí?”

“Nínú òtútù yìí náà, Bàbá Rahmah.”

Kàbírù ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Nígbà tí bàbá mi kú ní Ìwó, abẹ́ fèrèsé yàrá rẹ̀ la sin ín sí. Bí mo bá délé, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ń kí i kí n tó kí alààyè.”

“Ẹ gbọ́ tẹnu yín. Òkú pàápàá, a kì í gbé e jìnnà sílé. Ẹni tó ṣì ń mí ni wọ́n fẹ́ gbé jù síta yìí.”

“Ṣé o ti bi bàbá náà fúnra rẹ̀?”

“Kí ni mo fẹ́ bi í? Kí n ní, ‘Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ pé ọmọ yín fẹ́ lé yín jáde?’”

“Mo ní kí o bi í, Ìyá Rahmah.”

“Ẹ jẹ oúnjẹ yín kó má tutù.”

Kò bi í. Ayọ̀délé ló pè lórí fóònù ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì, ọmọ tí wọ́n bí sí Lewisham níbí, tí Yorùbá kò yọ̀ mọ́ lẹ́nu.

“Aunty, ẹ ṣe dáadáa bí ẹ ṣe call mi,” ni Ayọ̀délé wí. “Safeguarding ni, ọ̀rọ̀ ààbò arúgbó. Mo máa fi ránṣẹ́ sí council now now.”

“Kí ni wọ́n máa ṣe?”

“Wọ́n máa wá look. Tí kò bá safe, wọ́n á move bàbá.”

“Wọ́n á bá ọmọ náà wí, àbí?”

“Wọ́n á bá a sọ̀rọ̀. Ẹ má worry, Aunty.”

Mìsítúrà sì sùn lọ́jọ́ náà, oorun ẹni tó ti ṣe rere.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí Levi fi là á lójú. Mìsítúrà ń fi ìnura nu ẹ̀yìn Levi lọ́wọ́, Sélínà ti mú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ sílé ìwé.

“Nàìjíríà, ọmọ mi ní o kọ̀.”

“Mo kọ̀, Bàbá. Ẹni tó bá fẹ́ gbé yín sínú òtútù, ó di ìgbà tó bá gba orí mi kọjá.”

Levi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ. Nígbà tó rọlẹ̀, ó ní, “Èmi ni mo ní kó gbé mi síta.”

Mìsítúrà fi ìnura lélẹ̀.

“Gbọ́. Ibi tí ẹ̀mí bá ti bọ́ lára ẹni wa, ti ẹni náà ni títí ayé. Alààyè kì í sùn síbẹ̀ mọ́. Nígbà tí bàbá mi kú sínú ilé onítáyà rẹ̀, a dáná sun ún, òun àti aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì àti gàárì ẹṣin. Gbogbo rẹ̀. Ìyá mi kò mú ṣíbí kan. Nítorí náà ni àwọn àgbà fi ń pàgọ́ síta fún ẹni tó bá ń lọ, kí ilé lè kù fún ọmọ.”

“Ṣé gbogbo yín lẹ ṣì ń ṣe é?”

“Àwọn kan ti fi í sílẹ̀. Ìdílé tèmi kò fi í sílẹ̀. Ilé yìí nìkan ni Sélínà ní. Bí mo bá kú síbí, ó di kí káńsù kó òun àtàwọn ọmọ lọ sí orí ilé gogoro kan, láàrin àwọn tí yóò máa di imú bí wọ́n bá ń kọjá. Mo mọ àwọn tí wọ́n kó lọ bẹ́ẹ̀. Wọn kì í pẹ́ kí wọ́n tó dákẹ́ bí ẹni tí a gé ní ahọ́n.”

“Ọsibítù ńkọ́?”

“Ìyàwó mi kú sí ọsibítù. Wọ́n fa aṣọ yí i ká. Ìgbà tí a ó fi débẹ̀, àjèjì ti pa ojú rẹ̀ dé. N kò lọ.”

Mìsítúrà da ẹ̀wù bò ó lẹ́yìn. Ó ní, “Bàbá, bó bá ṣẹlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí i, ṣé Sélínà kò lè ṣe bí ẹni pé...”

“Ṣé ìwọ lè jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá rí ọ?”

Mìsítúrà gbé ìnura, ó fún omi rẹ̀ dànù.

“Kí ló dé tí Sélínà kò sọ èyí fún mi?”

“Ohun tó ń bọ̀ yẹn, bí o bá dárúkọ rẹ̀, ó lè dáhùn,” ni Levi wí. “Ọmọ mi kò ní dárúkọ rẹ̀ sí bàbá rẹ̀ láé.”

Mìsítúrà kó ẹrù rẹ̀. Bó ti jáde ló pe Ayọ̀délé, ó dúró lábẹ́ afárá ojú irin, ó fi ìka di etí kan.

“Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn, fà á padà. Mi ò gbọ́ wọn yé.”

“Aunty, ó ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ó wà lọ́dọ̀ council.”

“Sọ fún wọn pé èmi ni mo ṣì í.”

“Mo máa email wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ wá, that’s the law.” Ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. “Aunty, ẹ má gbé bàbá yẹn síta o. Ẹ ń gbọ́ mi? Tí ẹ bá gbé e, iṣẹ́ yín ti lọ nìyẹn.”

“Mò ń gbọ́ ọ.”

Ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tó dé, ó rí i pé ìmí Levi ti yí padà. Ó ti gbọ́ irú ìmí yẹn lẹ́nu àwọn mìíràn, èyí tó máa ń lọ, tí á dúró bí ẹni gbàgbé nǹkan, kó tó padà wá. Sélínà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi eyín jẹ èékánná. Mìsítúrà lọ bá a, ó sì sọ ọ́ ní gbangba.

“Mo ti sọ̀rọ̀ yín ní ọ́fíìsì. Mo ní o fẹ́ lé bàbá rẹ síta. Àwọn káńsù ń bọ̀, mi ò mọ ọjọ́.”

Sélínà wò ó títí. “Ẹ̀yin, Àǹtí? Ẹ̀yin tí mo fi ife wa fún ní tíì mu?”

“Èmi.”

“Àwọn aládùúgbò ni mo rò pé ó máa ṣe é fún wa. Mi ò rò ó sí ẹ̀yin rárá.” Ó nu imú rẹ̀ nù. “Ó dáa, ẹ wá bá mi gbé e kí wọ́n tó dé. Gbèsè rẹ̀ wà lọ́rùn yín.”

Wọ́n jọ gbé e. Mìsítúrà fi aṣọ gbé e nídìí bí wọ́n ti kọ́ ọ, Sélínà gbé ẹsẹ̀. Kò wúwo ju ọmọ ilé ìwé lọ. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì onírin tí wọ́n ti gbé sábẹ́ tápólì, wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó lé ara wọn, iná igi ń jó nínú agolo ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kọjá lókè, ilẹ̀ mì. Levi la ojú. Ó fa èéfín igi náà símú, ìmí rẹ̀ sì rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà pípẹ́.

“Òórùn Kent,” ó wí.

Sélínà ní òun ń lọ mú àwọn ọmọ wá láti ilé ìwé, kí wọ́n lè rí i. Ó fẹnu ko bàbá rẹ̀ níwájú orí, ó sáré jáde. Mìsítúrà jókòó tì í lórí garawa tó dojú bolẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ajá gbó. Obìnrin kan àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé, wọ́n so káàdì káńsù mọ́ ọrùn. Wọ́n rí arúgbó tó ń kú lọ níta gbangba nínú oṣù Fẹ́búárì. Ojú ọ̀dọ́mọkùnrin náà kún fún omi. Ó bọ́ kóòtù ara rẹ̀, ó fi lé Levi lórí. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ìyẹn ló wá burú jù.

“Ẹ má gbé e,” ni Mìsítúrà ń bẹ̀ wọ́n. “Òun ló ní kí á gbé òun síbí. Ó ní ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró kí ọmọ rẹ̀ dé.”

“Ṣé ìwọ ni olùtọ́jú?” ni obìnrin náà bi í. “Orúkọ rẹ ló wà lórí ìròyìn yìí. Ìwọ lo ní wọn kò gbọdọ̀ gbé e síta.”

“Mo ṣì í ni. Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣì í ni.”

Obìnrin náà ti ń bá àwọn ambúláǹsì sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Àwọn yẹn ní kí wọ́n gbé e sínú ooru kíákíá títí ọkọ̀ yóò fi dé. Mìsítúrà dúró dí ẹnu ọ̀nà, obìnrin náà rọra fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò tì í. Bí wọ́n ti ń gbé Levi wọlé, ọwọ́ rẹ̀ jáde lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Ọkùnrin tí kò lè di ṣíbí mú mọ́ láti ọjọ́ yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń bẹ̀ ẹ́, “Ó ti tó, Bàbá, inú ilé gbóná,” ó ń tú àwọn ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì Sélínà, nítorí òun ló sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù. Obìnrin náà jáde lọ síta géètì láti júwe ọ̀nà fún ambúláǹsì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń wá bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ ooru. Mìsítúrà kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Levi ń wo òrùlé. Ìmí rẹ̀ lọ, ó dúró, ó padà. Ó lọ, ó dúró. Mìsítúrà ń retí rẹ̀ títí ẹ̀rọ ooru fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lẹ́yìn rẹ̀.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú Levi dé, ó jáde.

Sélínà ti dé. Ó rí tápólì, ó rí bẹ́ẹ̀dì onírin tó ṣófo, ó rí ilẹ̀kùn ilé tó ṣí sílẹ̀. Ó dá àwọn ọmọ dúró lẹ́nu géètì, ó wá bá Mìsítúrà.

“Ó ti lọ,” ni Mìsítúrà wí.

Sélínà mi orí. Kò sunkún. Ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀ kí àwọn ọmọ má baà gbọ́. “Àǹtí, ṣé níta ló ti lọ, kí wọ́n tó gbé e wọlé? Àbí inú ilé ni?”

Àwọn ará káńsù kò mọ̀ pé ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ju Mìsítúrà lọ. Ó wo kọ́tìnnì léèsì tó wà lójú fèrèsé, ó wo àwọn ọmọ méjèèjì pẹ̀lú báàgì ìwé lẹ́yìn. “Níta ni.” Irọ́ tó lè pa kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á sùn sílé wọn lálẹ́ yìí. Ohun tí Levi ń tọrọ ni wọ́n á rí gbà, Ọlọ́run Aláforíjì á sì forí irọ́ náà jì í. Ìyẹn kò bà á lẹ́rù. Ṣùgbọ́n Sélínà á máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn, á máa bọ́ ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, nínú ohun tí kò ní gbà láé bí ó bá mọ̀. Òun Mìsítúrà ti fi òye ara rẹ̀ pinnu fún àwọn ènìyàn yìí lẹ́ẹ̀kan, ohun tó sì bí rèé.

“Inú ilé ni,” ó wí. “Lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ. Mo wà níbẹ̀, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.”

Sélínà pa ojú dé, ó là á. Ó yí padà sí àwọn ọmọ.

“Ẹ má wọlé o.”

“Bàtà bọ́ọ̀lù mi wà nínú ilé,” ni èyí àbúrò wí.

“Mo mọ̀. Ẹ má wọlé.”

Ó lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti gáàsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú rọ́bà tó so sílíńdà mọ́ ilé. Mìsítúrà kọ́kọ́ dúró bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń wò. Lẹ́yìn náà ó yé e: a kì í fi gáàsì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí a fẹ́ sun. Sílíńdà náà wúwo. Mìsítúrà di ẹ̀gbẹ́ kejì mú. Sélínà kò wò ó, kò sì ní kó fi í sílẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sídìí ògiri, wọ́n padà wá gbé ìkejì, ambúláǹsì sì ń han lójú títì bọ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni Levi kú.